Rungholt, Ìlú tí Òkun Gbé Mì

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ jókòó ti àwọn òbí yín, ẹ súnmọ́ ibí, nítorí ìtàn kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín, tí ó ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú, tí ó ní iyọ̀ nínú, tí ó sì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkú nínú.

Ilẹ̀ Jámánì kún fún ahoro. Ọ̀mọ̀wé kan tí ó ń jẹ́ Wilhelm Abel, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ṣírò rẹ̀ pé ní nǹkan bí ọdún 1300, ìlú àti abúlé tí ó wà ní ilẹ̀ náà tó 170,000, ṣùgbọ́n kí igba ọdún tó kọjá, bí 40,000 nínú wọn ti pòórá. Ní ibòmíràn, àjàkálẹ̀ àrùn ni ó pa àwọn ará ibẹ̀. Ní ibòmíràn, ilẹ̀ ni ó ṣá, tí ọkà tí wọ́n ń gbìn kò so dáadáa mọ́. Ní ibòmíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn ènìyàn kàn di ẹrù wọn, wọ́n sì gba ìlú ńlá lọ, nítorí pé owó ń bẹ níbẹ̀. Igbó bo oko wọn. Bí ọdẹ bá wọ inú igbó bẹ́ẹ̀ lónìí, ó lè kọsẹ̀ lára ìpìlẹ̀ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí ó rí poro oko lábẹ́ igi tí ó ti dàgbà ju baba ńlá rẹ̀ lọ.

Ahoro tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lálẹ́ yìí kò sí nínú igbó ní tirẹ̀. Inú òkun ni ó wà. Orúkọ rẹ̀ ni Rungholt.

Bí ẹ bá ní àwòrán ayé lọ́wọ́, ẹ wo òkè pátápátá ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí ó ti bá Denmark pààlà, ní apá ìwọ̀ oòrùn. Òkun tí ó wà níbẹ̀ ni a ń pè ní Òkun Àríwá. Ìlú kan wà ní etí rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Husum. Òkun yìí ní ìwà kan tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni ó ń fà sẹ́yìn, tí ó ń fi ẹrẹ̀ tí ó tẹ́jú lọ súà sílẹ̀, ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ náà ni ó sì ń padà wá bò ó. Ẹni tí kò bá mọ wákàtí omi náà, tí ó lọ ṣeré jìnnà, kò ní rí ọ̀nà padà. Àwọn erékùṣù díẹ̀ ni ó yọ orí jáde láàárín ẹrẹ̀ yìí. Ọ̀kan ń jẹ́ Pellworm, ọ̀kan tí ó ti jẹ́ erékùṣù rí ń jẹ́ Nordstrand, ọ̀kan tí ó kéré gan-an sì ń jẹ́ Südfall. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Südfall yìí ni Rungholt wà.

Nígbà náà, ilẹ̀ ni ibẹ̀ jẹ́. Àwọn ènìyàn tí ó tẹ̀dó síbẹ̀ ni à ń pè ní àwọn Frisia, ẹ̀yà kan tí ó ní èdè tirẹ̀, tí èdè náà kò sì tíì kú tán títí di òní. Lábẹ́ ọba Denmark ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ọba jìnnà, ẹrẹ̀ sì pọ̀ lọ́nà, nítorí náà àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń yan onídàájọ́ àti ìgbìmọ̀ wọn. Kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí òkè, ilẹ̀ náà tẹ́ bí ẹní. Kí omi má baà wọ inú ilé, wọ́n a kó amọ̀ jọ di òkìtì gíga, wọ́n a wá kọ́ ilé sórí òkìtì náà, àwọn àti màlúù wọn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n mọ odi amọ̀ yí ilẹ̀ oko wọn ká láti dá òkun dúró. Wọ́n gbẹ́ kòtò kí omi òjò lè máa ṣàn jáde, wọ́n sì fi pákó ṣe ilẹ̀kùn sí ìdí odi. Bí òkun bá fà, ilẹ̀kùn a ṣí, omi inú oko a jáde. Bí òkun bá kún, omi òkun fúnra rẹ̀ a ti ilẹ̀kùn náà pa. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ro irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀.

Wọ́n gbin ọkà, wọ́n sin màlúù àti àgùntàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú owó wọlé jù ni iyọ̀, ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáadáa, nítorí òun ni ìdí ìtàn náà.

Lábẹ́ amọ̀ ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ dúdú kan wà tí ó rọ̀ bí ìrẹ̀kẹ̀ ìrèké. Koríko àti gbòǹgbò igi tí ó ti jẹrà láti ẹgbẹ̀rún ọdún wá ni. Bí a bá gbẹ́ ẹ, tí a sá a gbẹ, ó ń jó bí igi ìdáná. Omi òkun ti wọ inú ilẹ̀ dúdú yìí láti ìgbà pípẹ́, iyọ̀ sì ti kún inú rẹ̀. Àwọn ará Rungholt a gbẹ́ ẹ, wọ́n a sá a, wọ́n a jó o di eérú. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se ọṣẹ dúdú, ẹ mọ bí a ti ń da omi sórí eérú kí ó lè máa ro kán sínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn náà ṣe, omi iyọ̀ a sì ro sílẹ̀. Wọ́n a gbé e ka iná, wọ́n a sè é títí omi yóò fi gbẹ, iyọ̀ a sì kù. Ní ayé ìgbà náà tí kò sí fíríìjì, iyọ̀ ni a fi ń tọ́jú ẹja àti ẹran. Ẹni tí ó bá ní iyọ̀ láti tà kò ní wá oníbàárà tì. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé e lọ, wọ́n sì ń gbé ọjà mìíràn bọ̀. A ti rí ìkòkò tí wọ́n mọ ní etí odò Rhine nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, a rí idà, a sì rí ìkòkò omi kan tí ó ti Spain wá.

Nísinsìnyí, ẹ bá mi rò ó. Odi yí ilẹ̀ kan ká, òkun wà lẹ́yìn odi. Lójoojúmọ́, àwọn tí ó wà nínú odi ń gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń jó o, wọ́n ń tà á. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lọ kò padà. Èyí tí wọn kò gbẹ́ pàápàá, nítorí kòtò tí ó ń fa omi jáde lára rẹ̀, ó ń gbẹ, ó sì ń sùn wálẹ̀ bí kànìnkànìn tí a fún omi inú rẹ̀ dànù. Lọ́dọọdún, ilẹ̀ Rungholt ń rẹlẹ̀ sí i, òkun kò sì rẹlẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé odi amọ̀ nìkan ni ó dúró láàárín wọn àti omi tí ó ga ju ilẹ̀ oko wọn lọ. Odi náà kò sì ju nǹkan bí mítà méjì lọ ní gíga.

Ìwé kan tí a kọ ní Hamburg ní ọdún 1345 ni ó dárúkọ ìjọ Rungholt, ó sì dárúkọ ọkùnrin kan, Thedo Bonisson. Inú mi máa ń dùn sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí ó gbé ibẹ̀, tí wọ́n bímọ níbẹ̀, tí wọ́n sè iyọ̀ níbẹ̀, Thedo yìí nìkan ni a mọ orúkọ rẹ̀ dájú.

Ní nǹkan bí ọdún 1350, àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n ń pè ní Ikú Dúdú dé ẹ̀bá òkun náà. Odi amọ̀ kì í tọ́jú ara rẹ̀. Gbogbo ilé ni ó gbọ́dọ̀ yọ ènìyàn wá lọ́dọọdún láti dí ihò tí eku gbẹ́ àti ibi tí ìgbì ti jẹ. Bí àrùn bá ti pa ìdajì àwọn tí ó ní ọkọ́ lọ́wọ́, ta ni yóò ṣe é? Àwọn òpìtàn gbà pé èyí wà lára ohun tí ó sọ ilẹ̀ náà di aláìlágbára.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1362, ìjì kan jà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, tí í ṣe ọjọ́ Marcellus Mímọ́, ni ó le jù. Afẹ́fẹ́ ti omi òkun lu etí ilẹ̀, omi sì gun orí odi. Nígbà tí odi ya, kò sí ohun tí ó dá omi dúró mọ́, nítorí inú odi ti rẹlẹ̀ ju ìta lọ. Ó dà bí ìgbà tí a bu omi sínú ọpọ́n. Orúkọ tí àwọn ará etíkun náà sọ ọ́ ní èdè wọn ni Grote Mandränke, èyí ni pé ìgbà ńlá tí ènìyàn rì. Àwọn ìwé àtijọ́ ka iye òkú ní ọ̀kẹ́ àìmọye; ẹni tí ó kà wọ́n kò sí. Lẹ́yìn ìjì náà, omi kò padà sí ibi tí ó ti wá. Oko di òkun, ọ̀nà ọjà di ibú. Àwọn tí ó bá yè kò rí ibi padà sí.

Báyìí ni Rungholt ṣe tán. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò tán, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1666, àlùfáà kan ní agbègbè náà, Anton Heimreich, tẹ ìwé ìtàn jáde. Inú ìwé náà ni a ti kà pé àwọn olówó kan ní Rungholt mu ọtí yó ní ọjọ́ kan. Wọ́n mú abo ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n rọ ọtí fún un títí òun náà fi yó, wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, wọ́n da aṣọ bò ó. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe àlùfáà pé aláìsàn kan ń kú lọ, kí ó wá fún un ní oúnjẹ Olúwa. Nígbà tí àlùfáà rí ohun tí ó wà lórí ibùsùn, ó kọ̀. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n gba ohun èlò tí oúnjẹ mímọ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n da ọtí sí i, wọ́n ní bí Ọlọ́run bá wà níbẹ̀, kí Òun náà bá àwọn mu. Àlùfáà sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó bẹ Ọlọ́run kí ó fi ìyà jẹ wọ́n. Ní òru, a kìlọ̀ fún un lójú àlá pé kí ó jáde. Bí ó ti kúrò ní ìlú ni òkun dìde.

Ìtàn náà dùn, mo mọ̀. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi gbà á gbọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́ta. Wọ́n tún fi kún un pé bí òkun bá pa rọ́rọ́, àwọn atukọ̀ ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì Rungholt lábẹ́ omi. Akéwì Jámánì kan, Detlev von Liliencron, tí ó ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ní erékùṣù Pellworm ní ọdún 1882 sí 1883, kọ ewì lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ ilé-ìwé ní agbègbè náà tí kò gbọ́ nípa Rungholt ọlọ́rọ̀, Rungholt agbéraga.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ bi àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn ẹlẹ́dẹ̀ yìí. Ọdún mẹ́rin lé ní ọ̀ọ́dúnrún ni ó wà láàárín ìjì náà àti ìwé Heimreich. Ta ni ó wà níbẹ̀ tí ó rí i? Ìjì yẹn kan náà pa ènìyàn ní England, ó pa ènìyàn ní ilẹ̀ Holland, ó pa ènìyàn ní Denmark. Ṣé gbogbo wọn ni ó rọ ọtí fún ẹlẹ́dẹ̀? Òkú kò lè dìde láti wí tẹnu rẹ̀. Bí a bá sì ti sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ó pa wọ́n, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè bí odi ti ga tó.

Nígbà tí ó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò tilẹ̀ sí ìlú kankan tí ó ń jẹ́ Rungholt rí. Àwòrán ilẹ̀ kan wà lóòótọ́ tí ayàwòrán Johannes Mejer yà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí ó fi Rungholt sí ẹ̀gbẹ́ Südfall, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí Mejer yà, èrò ọkàn rẹ̀ ni.

Ẹni tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Àgbẹ̀ ni. Andreas Busch ni orúkọ rẹ̀, a bí i ní ọdún 1883, ó ń dáko ní Nordstrand. Omi òkun ti ń jẹ ẹrẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ Südfall, ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Láti ọdún 1921 ni Busch ti ń lọ síbẹ̀ nígbàkigbà tí òkun bá fà. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó ń wọ̀n, ó ń ya àwòrán, ó sì ń sá padà kí omi tó dé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣe é. Ó rí ìdí òkìtì ilé, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó rí kànga tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún. Ó rí pákó ńláńlá tí í ṣe ilẹ̀kùn omi, èyí tí ọkọ̀ lè gbà wọlé. Ó sì rí ohun tí èmi rò pé ó ju gbogbo rẹ̀ lọ: ó rí poro oko. Ibi tí àgbẹ̀ kan ti túlẹ̀ ṣáájú ọdún 1362 ṣì hàn gbangba nínú ẹrẹ̀. Ọ̀mọ̀wé mìíràn ì bá kọjá lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ oko nígbà tí ó bá rí i.

Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò pé àwọn ará Rungholt á tó 1,500 sí 2,000. Kì í ṣe ìlú oníwúrà tí akéwì kọrin rẹ̀. Kò sí ààfin, kò sí ilé olókùúta. Àgbẹ̀ ni wọ́n, oníyọ̀ ni wọ́n, wọ́n rí jẹ, wọ́n sì rí tà. Busch kú ní ọdún 1972, púpọ̀ nínú ohun tí ó rí ni òkun sì ti gbé lọ tán.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Kiel àti ti Mainz, pẹ̀lú àwọn awalẹ̀pìtàn Schleswig, kéde ohun tuntun. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ó ń rí ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ láìjẹ́ pé a gbẹ́ ẹ, wọ́n sì ti fi yẹ ẹrẹ̀ náà wò níbi tí ó ju ìwọ̀n kìlómítà mẹ́wàá níbùú lóròó lọ. Wọ́n ti ka òkìtì ilé mẹ́rìnléláàádọ́ta, wọ́n rí odi òkun àti èbúté ẹlẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sì rí ibi ṣọ́ọ̀ṣì kékeré méjì. Lórí ọ̀wọ́ òkìtì kan tí ó gùn tó kìlómítà méjì, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n rí ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 40, tí ìbú rẹ̀ sì tó mítà 15. Àwọn tí ó kọ́ irú ilé Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo rò pé ó yẹ kí a fọwọ́ bo ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nípa wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà parí ní ọdún 1362. Erékùṣù ńlá kan kù lẹ́yìn ìjì náà, Strand ni wọ́n ń pè é. Ní òru ọjọ́ kọkànlá mọ́jú ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá ọdún 1634, òkun tún gun odi, ó pa ènìyàn tí ó ju 6,000 lọ ní Strand nìkan, ó sì fọ́ erékùṣù náà sí wẹ́wẹ́. Pellworm àti Nordstrand tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àfọ́kù Strand ni wọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 1962, tí ó pé ẹgbẹ̀ta ọdún àti oṣù kan tí Rungholt rì, òkun kan náà ya odi ní Hamburg, 315 ènìyàn sì kú níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé odi ga sí i ní gbogbo etíkun náà. Kò sí ẹni tí ó ń gbẹ́ ilẹ̀ dúdú fún iyọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Àwọn onímọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń yára. Ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà kì í ṣe ògiri tí ènìyàn lè fọwọ́ kàn. Ojú ibi tí ó wà rí nínú ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kù, ìgbì sì ń jẹ ẹ́. Bí omi bá kún, ọkọ̀ a máa kọjá lórí rẹ̀. Bí ó bá fà, wọ́n a fa ẹ̀rọ wọn jáde sórí ẹrẹ̀, wọ́n ní wákàtí díẹ̀ láti wọn ohun tí wọ́n lè wọ̀n, kí omi tó tún dé.